Ìyá Ẹlẹ́rù Ń Kọ Ìyàwó Ọmọ Rẹ̀ Sílẹ̀!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn tí wọ́n pàtẹ sí Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́ rí ohun tí ojú wọn kò rí rí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rù, nítorí pé ẹrù ìyàwó ló ń tà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì funfun, ó ń fi kọ nǹkan sára pákó tó ń kó orógbó lé. Kì í ṣe A, B, D. Kì í ṣe iye owó. Ó fa ìlà kan, ó tẹ̀ ẹ́ bí orúnkún. Ó fa òmíràn gba orí rẹ̀ kọjá. Ó dúró, ó wo bébà kékeré kan tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Aláta tó jókòó tì í kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́rù, kí lẹ ń ṣe yìí? Ṣé tírà ni?"

Ìyá Ẹlẹ́rù kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyàwó ọmọ mi ni mò ń kọ sílẹ̀."

Ariwo ta! Ìyá Aláta dìde fìrì. "Háà! Ìyàwó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ẹnu ọ̀nà yín, tí ẹ kò tíì bu omi sí lẹ́sẹ̀, ẹ ti ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Kí ló fi ṣe yín?"

Ìyá Ẹlẹ́rù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ o. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ ẹ̀ rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má tíì bá wọn rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, kíkọ̀ gan-an ni obìnrin yìí fẹ́ kọ̀ ọ́.

Ọmọ bíbí Oǹdó ni Ìyá Ẹlẹ́rù. Ní 1977, ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú, bíríkìlà kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ gbé e níyàwó. Baba náà ṣaláìsí ní 2009. Ọmọ mẹ́rin ló fi lé e lọ́wọ́. Obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ ni obìnrin yìí tà tó fi tọ́ wọn dàgbà. Àìmọye ìdána ni wọ́n ṣe l'Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé igbá tirẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sílé àna. Bó bá ti ń ka orógbó méjìlélógójì sínú igbá fún oníbàárà, a máa sọ pé, "Lọ́jọ́ kan, ti ọmọ tèmi náà ni n óò kà."

Ọmọ tó ń sọ ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà jáde ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'Àkúrẹ́ ní 1981. Ní 2016 ó gba sìkọ́láṣíìpù ìjọba Jàpáànù, èyí tí ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn láti 1954. Ọdún mẹ́ta ló ní òun ń lọ lò. Mẹ́ta di márùn-ún, márùn-ún di méje. Ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ. Owó ń wọlé déédéé, ṣùgbọ́n owó kì í kí ni káàárọ̀.

Ní oṣù Kẹrin 2023 ni fóònù dún. "Màámi, mo ti rí ìyàwó o."

Ìyá Ẹlẹ́rù dìde jó. Ó ní, "Ọmọ ta ni? Ọmọ Àkúrẹ́ ni àbí ọmọ Oǹdó?"

"Màámi, ọmọ ibí ni. Ọmọ Jàpáànù ni."

Ijó dúró. Ìyá Ẹlẹ́rù pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi gbé e bí ọmọ náà bá pè.

Kì í ṣe pé ó kórìíra aláwọ̀ mìíràn. Ẹ̀rù ló bà á. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tòkunbọ̀ ládùúgbò tún wá dá kún un. Ó ní, "Mama, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀, Bobby Ologun ni wọ́n ń pè é. Gbogbo Jàpáànù ló mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin ibẹ̀ ló fẹ́, ó tilẹ̀ ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀." Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni. Ohun tí Ìyá Ẹlẹ́rù gbọ́ ni pé èèyàn máa ń lọ síbẹ̀, á sì di ti ibẹ̀.

Ó tún gbọ́ pé òfin Jàpáànù sọ pé tọkọtaya gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ìdílé kan ṣoṣo. Ẹ̀rù tún bà á pé ọmọ òun yóò ju orúkọ bíríkìlà tó bí i nù, yóò máa jẹ́ orúkọ ẹni tí òun kò mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọmọ ọ̀hún là á yé e pé òótọ́ ni òfin náà wà láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ méjì, àti pé bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tọkọtaya, obìnrin ló ń pa orúkọ tirẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ àjèjì, òfin náà kò dè é. Kálukú lè máa jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn mọ́, Ìyá Ẹlẹ́rù wọ mọ́tò, ó di Oǹdó, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bá òun bínú ni. Ẹ̀gbọ́n gbé iyán kalẹ̀, ó jẹ́ kó jẹun tán, ó jẹ́ kó rojọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè.

"Àbúrò mi, ní 1977, ìrọ̀lẹ́ tí a sìn ọ́ lọ s'Àkúrẹ́, kí ni ìyá ọkọ rẹ fi ń pè ọ́?"

Ìyá Ẹlẹ́rù dákẹ́.

"Èmi ò gbàgbé. Ó máa ń sín ẹ̀ka-èdè Oǹdó rẹ jẹ lójú gbogbo ilé. Tí o bá la ẹnu báyìí, a ní, 'Ẹ gbọ́ ará oko tí ọmọ mi gbé wá.' Odindi ọdún méjì lo fi ń wá síbí wá sunkún. Lórí àpótí tí o jókòó lé yìí lo ti sọ pé bí Ọlọ́run bá fún ọ lọ́mọ ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ kò ní fi ẹnu sunkún nítorí èdè. Àbí kì í ṣe ìwọ lo sọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Àkúrẹ́ s'Oǹdó rèé o, tí mọ́tò ń sáré dé kí oòrùn tó yí. Wọ́n fi èdè yẹ̀yẹ́ rẹ. Ti ẹni tó ti ìdí òkun wá ńkọ́? Lọ kọ́ ọ̀rọ̀ kan péré nínú èdè rẹ̀. Tí o bá kọ́ ọ tán tí inú rẹ kò tíì rọ̀, kí o wá padà wá bínú."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìwé Jàpáànù ṣe wọlé.

Ọmọ yunifásítì kan wà tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé Ìyá Ẹlẹ́rù. Òun náà ń lé sìkọ́láṣíìpù yẹn, ó sì ti ń fi fóònù kọ́ èdè wọn láti ọdún méjì. Ìyá Ẹlẹ́rù pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà sí i níwájú, ó ní, "Ọmọ mi, kọ́ mi ní 'ìyàwó'."

Ọmọ náà kọ ọ́ sórí bébà: 嫁.

Ìyá Ẹlẹ́rù wò ó títí. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ìwé. Ilé aláǹtakùn ni."

Ọmọ náà ní, "Mama, ẹ jẹ́ ká tú u ká ni." Ó ṣàlàyé fún un pé àwa, ohùn la ń kọ: B àti A di BA. Àwọn, ohun tí nǹkan jẹ́ ni wọ́n ń kọ. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Kanji ni wọ́n ń pe àwọn àmì náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti gbà á, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àmì 2,136 ni ìjọba wọn kà sílẹ̀ ní 2010 fún ìwé ojoojúmọ́. Láti 2020, ọmọdé gbọ́dọ̀ mọ 1,026 nínú wọn kó tó jáde ìwé mẹ́fà. Yàtọ̀ sí wọn, wọ́n tún ní oríṣi àmì méjì mìíràn tí wọ́n fi ń kọ ohùn bíi tiwa.

"Ìwé mẹ́fà lèmi náà kà," ni Ìyá Ẹlẹ́rù wí. "Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí o kọ́ mi."

Ọmọ náà là á fún un bí ẹni ń la obì. Apá òsì ni 女, obìnrin nìyẹn. Ìlà mẹ́ta péré ni: èyí tó tẹ̀ bí orúnkún, èyí tó dà wá sílẹ̀ sápá òsì, èyí tó nà tàntàn láàárín. Apá ọ̀tún ni 家, ilé nìyẹn. Ìlà mẹ́wàá ni. Òrùlé ló wà lókè.

"Kí ló wà lábẹ́ òrùlé?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni, Mama."

"Kí lo pè é?"

"Àmì ẹlẹ́dẹ̀ ni. Láyé àtijọ́ ní Ṣáínà, ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹran ọ̀sìn ilé. Ibi tí ẹ bá ti rí òrùlé tí ẹran wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀."

Ìyá Ẹlẹ́rù ronú sí i. Ó rántí ewúrẹ́ tó máa ń sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ baba rẹ̀ l'Oǹdó. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ilé tí kò ní ẹran ọ̀sìn, ahoro ló jọ." Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin pẹ̀lú ilé ṣe di ìyàwó. Yome ni wọ́n ń pè é: ẹni tí wọ́n fẹ́ wọlé, tó di ti ilé ọkọ. Ìlà mẹ́tàlá ló jẹ́, a sì gbọ́dọ̀ fà wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Òkè ṣáájú ilẹ̀, òsì ṣáájú ọ̀tún.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìyá Ẹlẹ́rù fi kọ ọ́. Ó kọ ọ́ sórí bébà sìmẹ́ńtì, ó kọ ọ́ sínú iyẹ̀fun, ó kọ ọ́ sára pákó lọ́jà títí Ìyá Aláta fi ní ó ń kọ ìyàwó sílẹ̀. Ó bi ọmọ náà nípa àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ìgbéyàwó ńkọ́? Ọmọ náà kọ 結婚. Ti iwájú, òwú ló wà lápá òsì rẹ̀, oríire ló wà lápá ọ̀tún: síso pọ̀ nìyẹn. Ìyá Ẹlẹ́rù ní, "Bí àwọn mùsùlùmí ṣe ń so yìgì." Ti ẹ̀yìn, obìnrin ni pẹ̀lú àṣálẹ́. Àwọn àgbà onímọ̀ ìwé ní nítorí pé àṣálẹ́ ni wọ́n ń gbéyàwó ní Ṣáínà àtijọ́. Ìyá Ẹlẹ́rù kan sáárá. "Àwa ńkọ́? Ṣé ọ̀sán gangan làwọn ìyá wa ń sìn ìyàwó ni? Ilẹ̀ á ṣú kí ìyàwó tó wọlé ọkọ."

Ó bi í pé, "Èmi tí mo jẹ́ ìyá ọkọ, kí ni tèmi?" Ọmọ náà lọ́ra kó tó kọ ọ́: 姑. Obìnrin pẹ̀lú ohun tó ti gbó. Ìyá Ẹlẹ́rù rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé náà kò purọ́. Ọmọ náà sọ fún un pé lọ́hùn-ún pàápàá, ìjà ìyàwó àti ìyá ọkọ ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ti pẹ́ láyé.

Nígbà náà ni Ìyá Ẹlẹ́rù náà kọ́ tíṣà rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kó má rò pé Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Kí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ èdè wa sínú ìwé, àrokò là ń pa ránṣẹ́. Bí ọmọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ẹ̀fà nìyẹn: ọkàn mi ń fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin bá gbà, á fi mẹ́jọ dá a lóhùn: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Kò sí A, kò sí B, ìfẹ́ sì yéra. "Ẹrù ìyàwó tí mò ń tà lọ́jà yìí, kí lo rò pé ó jẹ́? Orógbó, kí wọ́n gbó. Obì, kó bi ibi dànù. Oyin, kó dùn. Ìwé ni gbogbo rẹ̀. Mo ti ń ta ìwé láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ ni."

Ọjọ́ pé tí wọ́n fẹ́ rí ara wọn lójú fóònù. Jàpáànù fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa. Aago méjì ọ̀sán lù l'Àkúrẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Ẹlẹ́rù wé gèlè. Ó mú káádíbọ́ọ̀dù ńlá tó ti kọ 嫁 sí gàdàgbà, ìlà mẹ́tàlá, kò dín kan. Ọmọbìnrin náà yọ lójú fóònù, ó tẹrí ba. Ìyá Ẹlẹ́rù gbé káádíbọ́ọ̀dù sókè, ó ń retí ìhó ayọ̀.

Kò sí ìhó. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó bo ẹnu, ó tún tẹrí ba, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Òun àti ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn.

"Kí ló wí?"

"Màámi, ó ní ẹ ṣeun gan-an. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára."

"Ọmọ mi, kí ló wí?"

Ọmọ náà tú òótọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun kò fẹ́ràn àmì yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin ilẹ̀ wọn ni kò fẹ́ kí a fi pe àwọn mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ó so obìnrin mọ́ ilé ọkọ bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ìyá tirẹ̀ jẹ́ yome ní ilé baba rẹ̀: òun ló ń tètè jí, òun ló ń jẹun kẹ́yìn, òun ló tọ́jú ìyá ọkọ lórí àìsàn títí tó fi kú, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè bó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ràn ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rù, òun sì fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ di obìnrin abẹ́ òrùlé.

Inú bí Ìyá Ẹlẹ́rù. Ẹ ẹ̀ bá a wí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìka ń ro ó, ojú ń ta á, ọjà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́! Ó gbé káádíbọ́ọ̀dù sọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́ ọ tán kí n wá bínú. Mo ti kọ́ ọ tán."

Ṣùgbọ́n oorun kò wá. Ó dùbúlẹ̀, ó ń rò ó. Òun náà kò ha jẹ́ ìyàwó rí? Ní ilé ọkọ rẹ̀ l'Àkúrẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n bí ṣáájú kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó ní láti wá orúkọ àpọ́nlé fún gbogbo wọn: ọ̀kan ń jẹ́ Akọ̀wé, ọ̀kan ń jẹ́ Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Adúmáadán. Àwọn náà kò pe orúkọ rẹ̀. "Ìyàwó, bu omi wá." "Ìyàwó, ọbẹ̀ kò tíì jinná?" Òun ló ń tètè jí. Òun ló ń jẹun kẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ kò gbé e mọ́, òun ló ń gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ìyá kan náà tó ń sín ẹnu rẹ̀ jẹ. Ọmọbìnrin tó wà ní Jàpáànù yẹn kò tíì rí i rí, ṣùgbọ́n ìtàn ayé rẹ̀ gan-an ló sọ fún un lójú fóònù.

Ó rántí ohun tí ìyá tó bí i máa ń sọ. Ìyá náà ṣe ọbìtun kó tó lọ sílé ọkọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọmọbìnrin lọ́ṣọ̀ọ́ l'Oǹdó kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé ó ti dàgbà. A máa sọ pé obìnrin kì í ṣe ẹ̀yìn ilé l'Oǹdó: ìtàn ní obìnrin ni ẹni tó kọ́kọ́ jọba, Púpùpù, títí dòní, Lóbùn tó jẹ́ obìnrin ní ipa tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi Òsemàwé jẹ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá Ẹlẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà ayálégbé rẹ̀. "Ọmọ mi, dìde. Mi ò fẹ́ ìyàwó mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ 'ọmọ mi obìnrin'?"

Ọmọ náà fi oorun lójú kọ ọ́: 娘. Ó ní musume ni wọ́n ń pè é.

"Kí ló wà nínú rẹ̀? Ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Rárá, Mama. Obìnrin rèé lápá òsì. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, 'dára' ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Ìyá Ẹlẹ́rù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin tó dára. Kò sí òrùlé, kò sí èèkàn. Ìlà mẹ́wàá péré.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, aago méjì ọ̀sán, ó tún wé gèlè, ó gbé káádíbọ́ọ̀dù tuntun sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin náà kò bo ẹnu. Ojú ló bò. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Ẹlẹ́rù pariwo, "Kí ni mo tún kọ? Ṣé mo ṣì í kọ ni?" Ọmọkùnrin rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ ò ṣì í kọ."

Oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n wálé wá ṣe ìdána. Ìṣòro kan ló kù. Ìdílé ọkọ ló ń gbé ẹrù lọ sílé ìyàwó. Ta ni yóò gbé ẹrù dé Jàpáànù? Ẹ̀gbọ́n tó wà l'Oǹdó ló yanjú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́ pé ọmọ ni? Ọmọ ilé mi ni. Ẹ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé mọ́tò ẹrù gbéra láti Àkúrẹ́, ó di Oǹdó, ọ̀nà tí Ìyá Ẹlẹ́rù gbà wá ní 1977, ni wọ́n wá gbà padà. Òun fúnra rẹ̀ ló ka orógbó méjìlélógójì náà. Ọmọbìnrin náà jáde látinú yàrá ẹ̀gbọ́n, ó wọ aṣọ òkè, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó gbé àpò kékeré kan lọ́wọ́. Nígbà tí ó tú u, àwọn ìyá sún mọ́ ọn. Ewé òkun gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní konbu ló wà nínú rẹ̀: orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ ayọ̀ lédè wọn, wọ́n sì máa ń fi àmì ọmọ, ìbí àti obìnrin kọ ọ́ nígbà ìdána. Òwú funfun wà níbẹ̀, tó dúró fún ewú: kí tọkọtaya jọ hewú. Abẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀: bó ṣe ń fẹ̀ lọ sí ìdí, bẹ́ẹ̀ ni kí ayé wọn máa gbòòrò.

Ìyá Ẹlẹ́rù mú òwú funfun náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orógbó. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ."

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ti tán. Àwọn ọmọ ti padà sí Jàpáànù. Ìyá Ẹlẹ́rù ṣì ń ṣàárò wọn, ó sì ṣì ń bẹ̀rù pé ọmọ tí wọ́n bá bí lè má gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ṣùgbọ́n ní aago méjì ọ̀sán Sátidé, ọjà yóò dákẹ́ díẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ káàsán, Màámi," ohùn rẹ̀ á fọ́ díẹ̀ lórí "káàsán". Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sín in jẹ. Ìyá Aláta gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú tí Ìyá Ẹlẹ́rù fi wò ó, kò dán an wò mọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń ka èyí, ìyàwó yín lè má ti òkun wá. Ó lè jẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ Ìgbò, ó lè jẹ́ ọmọ òpópónà kejì. Ẹ bi ara yín pé kí ni ẹ kọ sí i lórí nígbà tó wọlé. Pákó orógbó yẹn wà ní Ọjà Ọba dòní. Àmì tí ṣọ́ọ̀kì kọ sí i ti parẹ́, wọ́n sì tún un kọ, kò lóǹkà. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó jẹ́, Ìyá Ẹlẹ́rù á ní, "Ọmọ mi obìnrin ni. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì máa ka orógbó rẹ̀ lọ.